Ta Ló Pa Ẹran Yìí?

Orí àkàbà ni ọmọbìnrin náà wà nígbà tí Ọlábánjí kọ́kọ́ rí i. Ó fi eyín di abẹ́rẹ́ mú, ó na apá méjèèjì sókè, ó ń ta kọ́tìnì aláwọ̀ ewé sójú fèrèsé gíga. Oòrùn àárọ̀ ń gba ara aṣọ náà tàn sí i lójú. Ọlábánjí gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró sábẹ́ mi yẹn," ọmọbìnrin náà fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu sọ̀rọ̀, "bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sí yín lójú, ẹjọ́ mi kọ́ o."

"Ojú tó ti rí yín, kí ló tún kù tó fẹ́ rí?"

"Ẹ gbọ́ o, ẹlẹ́nu dídùn!" Ó bú sẹ́rìn-ín, abẹ́rẹ́ sì dà sílẹ̀.

Ruqoyah ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Bàdírù, káfíńtà àgbà ní Oju Ore. Òun ló ń rán kọ́tìnì àti aṣọ tábìlì fún Erékùṣù, ilé oúnjẹ àwọn ọlọ́lá tí wọ́n kọ́ sáàárín adágún omi kan ní Ìjù. Bí àpéjọ ńlá ìparí ọdún ti ìjọ ńlá kan nítòsí ibẹ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń ṣí i; bí àlejò bá ti túká, wọ́n á tì í pa. Ọlábánjí, ọmọ ìjọ náà tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì wọn, wá gba àyè sílẹ̀ fún àwọn àlejò ọ̀gá rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, ó di ẹni tó ń wá ìdí tí yóò fi gba Oju Ore kọjá.

Ìfẹ́ wọn gbó dáadáa kí Bàbá Ruqoyah tó gbọ́. Kò pariwo. Ó ní, "Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì? Kó kọ́kọ́ fún mi lóúnjẹ. Ìdí abọ́ ni mo ti ń mọ èèyàn."

Ọdún yẹn, ààwẹ̀ Rámàdáánì bọ́ sí ìparí ọdún. Ọlábánjí ní Erékùṣù ni òun yóò ti fi ìṣínu ṣe Bàbá lálejò.

"Olólùfẹ́ mi, má ṣe àṣejù," Ruqoyah kìlọ̀. "Bàbá mi ò mọ fọ́ọ̀kì mú o."

"Èmi gan-an mọ̀ ọ́n mú ni?"

Ẹnu lásán ni o! Ẹ̀rù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Sirajudeen, ọmọ oníṣòwò irin ní Sango, ti ń rán ìdílé rẹ̀ sí Bàbá láti tọrọ Ruqoyah. Bí Bàbá bá fi lè sọ pé rárá nírọ̀lẹ́ yìí, Ruqoyah lọ nìyẹn. Bàbá kì í sì í yí ọ̀rọ̀ padà.

Nígbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sí Erékùṣù, Ọlábánjí tún yẹ orí tábìlì wò. Ó ti ní kí wọ́n kó ife ọtí kúrò. Ó ti ní kí ẹlẹ́dẹ̀ má dé sàkáání wọn. Oòrùn wọ̀, Bàbá fi èso dàbínù àti omi ṣínu, ó kírun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sómi, ó padà wá jókòó. Wọ́n gbé ẹja dé, wọ́n gbé ẹran ewúrẹ́ dé, ó ń rú èéfín. Bàbá ní "Bísímílá," ó nawọ́ sí ẹran. Ọwọ́ náà dúró.

"Ọlábánjí."

"Sà."

"Ta ló pa ẹran yìí?"

Yéè! Ọlábánjí ti ro ti ọtí, ó ti ro ti ẹlẹ́dẹ̀, kò ro ti ẹni tó mú ọ̀bẹ. Nílé tiwọn, bí wọ́n bá ti gbàdúrà sóúnjẹ, ó parí.

Ephraim, ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ fún wọn, rọra sọ sí Ọlábánjí létí. "Ọ̀gá, ẹ sọ pé Mùsùlùmí ni jàre. Ta ló máa mọ̀?"

Ruqoyah tẹ Ọlábánjí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé kó gbà bẹ́ẹ̀.

Irọ́ náà ti dé ètè. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi èèwọ̀ bọ́ bàbá àgbàlagbà nínú ààwẹ̀, ojú wo ni yóò fi máa pè é ní bàbá? Ó dìde, ó lọ sí ilé ìdáná. Ó bi àwọn alásè léèrè, ó sì padà wá.

"Wọn ò mọ ẹni tó pa á, Bàbá. Ẹran inú yìnyín ni wọ́n rà. Èmi ni ò ronú láti béèrè. Ẹ má jẹ ẹ́. Ẹ forí jì mí."

Omi dà lójú Ruqoyah. Bàbá rọra ti ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa ẹja mọ́ra. Ó ń jẹ ẹ́. Ọlábánjí ń wo ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń gbé e mì. Ó dá a lójú pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti bàjẹ́.

Bàbá nu ọwọ́. "Ruqoyah ò ní fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀ o."

"Mi ò ní ní kó fi í sílẹ̀, sà."

"Àwọn ará ìjọ yín á sọ̀rọ̀."

"Wọ́n ti ń sọ ọ́, sà. Ẹ̀rù wọn ń bà mí. Àmọ́ kí n pàdánù Ruqoyah ló ń bà mí lẹ́rù jù."

"Ẹran tí ẹ ó máa jẹ nílé yín ńkọ́? Ta ni yóò máa pa á?"

Ọlábánjí dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀, tòun ti kóòtù, lójú gbogbo àwọn ọlọ́lá. "Ẹ̀yin ni, Bàbá. Bí ẹ ò bá pa á, a ò ní jẹ ẹ́."

Bàbá kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Nu ojú ẹ nù. Sọ fún ọkọ ẹ kó dìde wá jẹ ẹja, ó ti ń tutù."

Ruqoyah kúnlẹ̀ ti Ọlábánjí nílẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú bàbá rẹ̀, ó sì fà á dìde.