Ìṣó Tí Kò Tíì Jókòó

Láyé ìgbà tí òfin kò ju ohun tó bá ti ẹnu ọba jáde, ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kan, akéde sì la gbogbo òpópónà já pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbàdúrà lórúkọ Jésù mọ́. Kí oòrùn tó mú, ẹ̀ṣọ́ ti gbé ìyá agbẹ̀bí kan, torí iyàrá rẹ̀ làwọn onígbàgbọ́ ti ń pàdé. Wọ́n ní kó sẹ́. Ó ní òun ti dàgbà jù láti máa kọ́ irọ́ pípa.

Wọ́n mú un lọ sílé àgbẹ̀dẹ, kí wọ́n kan ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kó tó dẹ̀wọ̀n. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti le. Olóògbé ọkọ rẹ̀ ló kọ́ alágbẹ̀dẹ níṣẹ́, ọwọ́ obìnrin yìí gan-an sì ni ọmọkùnrin náà ti jẹun dàgbà. Ta ni í fọwọ́ ara rẹ̀ de ìyá rẹ̀? Òfin ọba kò sì ṣeé fi ṣeré: bí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n bá tú, orí ẹni tó kàn án ni wọn yóò fi dípò.

Alágbẹ̀dẹ ti pinnu. Gbàrà tó gbọ́ pé wọ́n mú ìyá ló ti fi ìyàwó àtọmọ ránṣẹ́ sílé àna rẹ̀. Bí ẹ̀mí òun yóò bá lọ sí i, kó lọ. Ó fi òrùka irin yí ọrùn ẹsẹ̀ ìyá ká, ó ki ìṣó bọ ojú ihò, ó gbé òòlù. Ẹnu ìṣó ló yẹ kó lù, títí yóò fi fẹ̀, tí kò ní lè padà jáde mọ́. Ẹ̀gbẹ́ òrùka ló ń lù. Ariwo pọ̀, iṣẹ́ ò sí.

Olórí ẹ̀ṣọ́, tí èéfín ti lé dúró sẹ́nu ọ̀nà, yọjú wọlé.

"Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, wọ́n ní ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Kí nìwọ fẹ́ fà yọ?"

"Irin yìí ló lágídí, ọ̀gá."

Èéfín gba ọ̀fun ẹ̀ṣọ́, ó wúkọ́, ó padà síta.

Ìyá bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ tún aṣọ rẹ̀ ṣe. "Ilé alágbẹ̀dẹ ni mo ti darúgbó. Ìṣó yìí ò tíì jókòó."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Tílẹ̀ bá ṣú, ẹ fà á, á yọ."

"Orí ta ni wọ́n máa wá gbà?"

"Ìyàwó mi àtàwọn ọmọ ti lọ."

"Ṣé wọn ni mo béèrè?"

Alágbẹ̀dẹ tún lu ẹ̀gbẹ́ òrùka.

"Ẹnì kan ti kú dípò mi, ó tó mi. Mi ò gba ẹlẹ́ẹ̀kejì. Lù ú dáadáa, ọmọ mi."

Ó lù ú. Omijé ń bọ́ sórí irin, ó ń lù ú. Nígbà tí ìṣó jókòó, ìyá fọwọ́ fà á wò, ó ní iṣẹ́ náà dára. Wọ́n mú un lọ, kò sì padà wá.

Láti ìgbà náà, ilé àgbẹ̀dẹ làwọn onígbàgbọ́ ń pàdé sí, tí ariwo òòlù ń bo àdúrà wọn mọ́lẹ̀. Kò pẹ́ tí àṣírí fi tú. Wọ́n ní kí alágbẹ̀dẹ sẹ́, kò sẹ́. Kò sí alágbẹ̀dẹ mìíràn nílùú, ìlú kejì ni wọ́n ti lọ wá ẹni tó kan ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.