Ọkọ̀ Tí Kò Tíì Gbéra

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lórí òjìji bàbá mi!"

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ bá Àkíbù sọ nìyẹn, ní àgbàlá mọ́ṣáláṣí wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Bàbá mi, Àlùfáà Yésúfù, ni ládánì ibẹ̀. Ó ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀. Òjìji ọ̀pá náà ló fi ń mọ ibi tí oòrùn rìn dé kó tó pe ìrun Àílà. Àkíbù, òṣìṣẹ́ rélùwéè, wá fi bàtà ńlá dúró lé e gbàgìdì.

Ó rẹ́rìn-ín. "Má bínú, ọmọge. Ṣùgbọ́n oòrùn kọ́ ló ń rìn o. Ilẹ̀ tí a dúró lé yìí ló ń yí, tó ń gbé wa lọ. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀."

Mo ní orí rẹ̀ ló ń yí. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, ojú mi ti ń wá a.

Nígbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ mi, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó ń yí ti dé etí bàbá mi.

"Ẹni tó ní ilẹ̀ ń yí," ni bàbá mi wí, "ibo ni yóò gbé ọmọ mi kalẹ̀ sí?"

Wọ́n padà lọ́wọ́ òfo. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Mo fẹ́ràn Àkíbù, n kò sì lè fẹ́ ẹ láìsí àdúà bàbá mi.

Nígbà tó ṣe, ara àbúrò bàbá mi kò yá ní Abẹ́òkúta, lèmi àti bàbá bá wọ rélùwéè. Bàbá kò wọ̀ ọ́ rí. Ọkọ̀ mìíràn dúró lápá ọ̀tún wa. Àkíbù wà nílẹ̀ lápá òsì, lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá mi. Imú ni bàbá fi dá a lóhùn.

Ni ọkọ̀ apá ọ̀tún bá gbéra. Bàbá rí i tó ń kọjá, ó pariwo, "Bísímílláhì! A ti gbéra!" Ó ṣe àdúà ìrìn-àjò, ó yọ ọwọ́ lójú fèrèsé òsì, ó ń juwọ́ sí gbogbo ayé: "Ó dàbọ̀ o!"

A kò tíì mira. Àwọn èrò ọkọ̀ ti ń fọwọ́ bo ẹnu.

Àkíbù kò rẹ́rìn-ín. Ó juwọ́ padà, ó sì ń fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìdí ọkọ̀, bí ẹni tí a ń fi sílẹ̀ lọ. "Ẹ ó dé're o, bàbá! Ẹ bá mi kí wọn!"

Ìgbà tí ọkọ̀ kejì kọjá tán ni bàbá mi rí i pé òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ṣì wà níbẹ̀. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ wọlé. Ọkọ̀ tiwa gbéra. A ti ń sún mọ́ Abẹ́òkúta kó tó pè mí.

"Kúbúrá, ọmọ yẹn mọ̀ pé mo ṣìṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ó rìn kí ojú má bàa tì mí." Ó nu ojú rẹ̀. "Ní kó kó àwọn ẹbí rẹ̀ padà wá."

Lẹ́yìn ààwẹ̀ ni wọ́n so yìgì wa. Títí bàbá mi fi rèwàlẹ̀ àsà, bó bá ti wo ọ̀pá rẹ̀, á ní, "Àkíbù, oòrùn ti rìn o."

Ọkọ mi á ní, "Ó ti rìn, bàbá," á sì dìde lọ bu omi àlùwàlá fún un.