Ìlà Keje

"Alùbọ́sà Makó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n o!"

Csongor, ọmọ kíláàsì mi, ni ó pariwo bẹ́ẹ̀ bí mo ti wọlé, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Alùbọ́sà ni àwọn ará Makó, ìlú wa, ń gbìn. Òun náà ni wọ́n fi ń pè wá. Ó tún ní, "Emőke, ṣé wàá ṣì máa kí wa bí wọ́n bá ti tẹ fọ́tò ẹ?"

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n n kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ìwé ìròyìn ìṣirò kan wà tí ó ń jáde lóṣooṣù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa fi ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́. Bí ọdún bá parí, wọn a tẹ fọ́tò àwọn tí máàkì wọn pọ̀ jù. Fọ́tò Dezső, bàbá àgbà mi, ti wà níbẹ̀ rí, kí ó tó di olùkọ́ ìṣirò ní yunifásítì. Mo fẹ́ kí tèmi náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ìbéèrè kan nípa àwọn àlejò tí ó jókòó yí tábìlì ká dá mi lágara, mo ṣí dúrọ́ọ̀ bàbá àgbà. Mo rí irú ìbéèrè náà gan-an nínú ìwé rẹ̀ kan tí ó ti gbó. Mo da ìdáhùn rẹ̀ kọ láti ìlà kìn-ín-ní dé ìkẹwàá, mo sì fi orúkọ mi sí i.

Ni lẹ́tà bá dé: "Ìdáhùn rẹ wù wá púpọ̀. Kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde, wá sí Budapest, kí o wá ṣàlàyé ìlà keje fún wa."

Ohun tí ó wà ní ìlà keje ni: "Ó hàn gbangba pé àga kan yóò ṣófo." Mo kà á títí ojú fi ń ro mí. Kò hàn sí mi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹyẹ inú pańpẹ́. Olùkọ́ wa lẹ lẹ́tà náà mọ́ ògiri kíláàsì; ìyẹn ni Csongor rí tí ó fi pariwo. Bàbá àgbà wọ kóòtù rẹ̀ àtàtà, ó ní òun yóò sìn mí lọ. Nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo la ẹnu láti jẹ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni ó fi búrẹ́dì oníwàràkàṣì lé mi lọ́wọ́.

"Jẹun, jàre. Má tíì sọ nǹkan kan fún mi. Iwájú pátákó ni kí n ti gbọ́ ọ."

Ní ọ́fíìsì ìwé ìròyìn náà ní Budapest, mo kọ ìlà mẹ́fà sára pátákó. Mo kọ ìkeje. Màmá Sarolta, olóòtú àgbà, bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ó hàn gbangba, àbí? Ọmọ mi, ta ni ó hàn sí?"

"Àwọn… àwọn àlejò náà, mà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹfun ìkọ̀wé ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí bàbá àgbà. Ó ti dá ìlà rẹ̀ mọ̀, ojú rẹ̀ sì ti fà ro.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, kì í ṣe tèmi. Inú ìwé bàbá àgbà mi ni mo ti dà á kọ."

Bàbá àgbà dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. "Ẹ má bi í mọ́. Kò hàn sí èmi náà rí. Ihò kan wà nínú àlàyé mi tí n kò lè dí. Ni mo bá kọ 'ó hàn gbangba' bò ó. Ìdí nìyẹn tí mo fi jù ú sínú dúrọ́ọ̀."

Wọ́n fagi lé gbogbo máàkì mi ti ọdún náà. Ní Makó, Csongor sọ mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Àdàkọ. N kò lè bá a jà.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi jókòó ti ìlà kan ṣoṣo. Nígbà tí mo rí ìdí tí àga kan yóò fi ṣófo, mo fi ránṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ ti kọjá, tí n kò sì ní gba máàkì kankan. Màmá Sarolta dá a padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kúkúrú: "Ó ti hàn wàyí."

Lónìí, èmi náà ń kọ́ni ní ìṣirò ní yunifásítì. Ojú ìwé fọ́tò ọdún náà ni mo fi kọ́ ara ògiri ọ́fíìsì mi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa bèèrè pé, "Mà, èwo ni ẹ̀yin níbẹ̀?"

Èmi a sì dá wọn lóhùn pé, "Èmi ni ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í báni mu: bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Ohun tí kò bá yé yín, ẹ má fi orúkọ yín sí i."