Ìtàkùn Tó Di Òkú Lọ́wọ́ Mú

Àárọ̀ ni wọ́n bá olóko náà nínú ilé onígíláàsì rẹ̀. Ó dojú bolẹ̀ láàárín ebè kùkúmbà, níbi tí ilẹ̀ ti rì wọlé díẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ọgbẹ́. Àwọn oyin tó máa ń kùn lórí òdòdó ti kú sílẹ̀ yí i ká. Ewé nìkan ló ń dán, ó tutù yọ̀yọ̀, bí ẹni pé òun ló mu èémí ọkùnrin náà.

Lẹ́yìn ògiri, ilé iṣẹ́ mànàmáná ń hó. Èéfín rẹ̀ ni wọ́n ń fi páìpù fà wọlé, torí ewéko a máa jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, á sì yára dàgbà. Bí oòrùn bá wọ̀, ọmọbìnrin olóko ni í ti tápù, nítorí ewéko kì í jẹ ẹ́ lókùnkùn. Bí tápù bá ṣí lóru, èéfín tí ojú ò rí náà á jókòó sí ibi tó rì, á máa dúró de ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, kó gba èémí rẹ̀.

"A bá tápù ní ṣíṣí, àwọn ọlọ́pàá mi ló tì í," ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ń pè ní Fẹ̀sọ̀ wí.

"Mo tì í lánàá, sà." Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní èmi ni mo pa bàbá mi."

Àbúrò olóko mirí. "Ó gbàgbé ni. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó má gbé oko lé ọmọdé lọ́wọ́."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí i?"

"Èmi ni. Mo rò pé ó sùn ni. Mo sáré wọlé, mo gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, mo gbé e sókè, mo pè é títí. Ó ti tutù."

Fẹ̀sọ̀ yíjú sí obìnrin agbálẹ̀. "Màmá, kí lẹ rí?"

"Ẹnu ọ̀nà ni Bọ̀dá yìí dúró sí. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ ṣí fèrèsé òrùlé. Mo ní, 'Ṣé ooru ló ń mú yín láàárọ̀ kùtù?' Wọ́n ní kí n panu mi dé."

Fẹ̀sọ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú. "Ẹ súnmọ́ ibí, sà. Ẹ wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n yín."

Ìtàkùn kùkúmbà kan, tín-ín-rín bí òwú, ti wé mọ́ ọrùn ọwọ́ náà yípo yípo. Ìdí rẹ̀ ṣì wà lára igi tó gùn. Kò já níbì kankan.

"Òru ló fi wé èyí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọwọ́ yìí sókè, ì bá ti já. Ẹ ò fọwọ́ kàn án rárá. Ẹ sì ní ẹ rò pé ó sùn. Ta ló wá sọ fún yín pé kí ẹ lé èéfín jáde kí ẹ tó wọlé? Ẹ mọ̀ pé kì í sùn láì wá bẹ̀rẹ̀ wo gbòǹgbò kùkúmbà rẹ̀. Lẹ́yìn tí ọmọ ti tápù, ẹ lọ ṣí i. Ẹ ní ikú ń pa òwe. Ẹ̀yin lẹ fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu."

Ojú ọkùnrin náà pọ́n. "Ọmọ tí mo bá wọn wẹ̀ ni kí n wá máa pè ní ọ̀gá?"

Wọ́n bọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n kó o sọ́wọ́ àbúrò bàbá rẹ̀. Ọlọ́pàá kan mú ọ̀bẹ láti gé ìtàkùn náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tú u."

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó ń tú u díẹ̀díẹ̀ kúrò lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Nígbà tó tú tán, ìtàkùn náà rọra fara lọ́ mọ́ ìka tirẹ̀, bí ẹni tó ń wá ẹni tí yóò tún dì mú.