Ojú Ìwé Tí Pẹ̀lúmi Fò

"Buenos días, señoritas."

Gbogbo ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ omi ilé-ìwé bú sẹ́rìn-ín. Pẹ̀lúmi gbé korobá rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹrí ba fún wọn bí ẹni tó wà lórí ìtàgé.

"Sípéènì ti dé o," Àtinúkẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Ṣé kì í ṣe pé ò ń bú wa?"

"Mo ní ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọge. Ẹ̀yin ará oko yìí."

Olúwọlé, ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lúmi, ló wà ní Sípéènì. Iṣẹ́ bíríkìlà ló kọ́ lọ́dọ̀ bàbá wọn ní Adó-Èkìtì, ṣùgbọ́n ní ọdún 1996, ó kó ẹrù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó lọ láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá wọnú egungun. Ó ní òun kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Olúwọlé mọ́ nínú ilé òun.

Nígbà tó yá, Olúwọlé fi kásẹ́ẹ̀tì kan àti ìwé pélébé kan tí wọ́n fi ń kọ́ èdè ibẹ̀ rán ará Adó kan tó ń bọ̀ wálé, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ilé tó ń gbé. Ìyá arúgbó tó ni ilé náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Nítorí náà, Olúwọlé ní kí Pẹ̀lúmi kọ́ èdè Sípáníìṣì díẹ̀, kó lè béèrè òun lọ́wọ́ ìyá náà bí wọ́n bá fẹ́ pe òun láti ilé.

Pẹ̀lúmi kọ́ ọ tọkàntọkàn. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn, bí wọ́n ṣe ń ra búrẹ́dì, bí wọ́n ṣe ń béèrè ibi tí ọkọ̀ ojú irin wà. Àtinúkẹ́ ló máa ń bá a di ìwé náà mú.

"A ò tíì ka ojú ìwé kìíní," Àtinúkẹ́ wí lọ́jọ́ kan. "Wò ó. *No entiendo. Más despacio, por favor.* Wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni, 'Kò yé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ ọ́.' Bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà, oókan, eéjì, ló wà ní ojú ìwé kejì."

"Ojú ìwé olódo nìyẹn," Pẹ̀lúmi dá a lóhùn. "Ta ló ń kọ́ èdè torí àtisọ pé òun ò gbọ́? Ṣí ibi búrẹ́dì."

Lọ́dún 1998, dókítà sọ fún Bàbá pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Kò pẹ́ sígbà náà tó fi pe Pẹ̀lúmi.

"Èdè tí o fi ń dà wá láàmú nínú ilé yìí, ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú dáadáa, sà."

"Ó dáa. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n rẹ sọ."

Màmá gbójú sókè. "Ọ̀rọ̀ wo nìyẹn, Bàbá Wọlé?"

"Ti èmi àti ọmọ mi ni. Ẹnu ara mi ni mo fẹ́ fi sọ ọ́."

Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá fọ sìmẹ́ńtì kúrò ní èékánná rẹ̀. Ó wọ bùbá funfun tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àfi bí ẹni pé Olúwọlé máa rí i. Òun àti Pẹ̀lúmi lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóyè ní àdúgbò Adébáyọ̀, níbi tí àwọn èèyàn ti ń sanwó pe fóònù. Bámgbóyè tẹ nọ́ńbà náà, ó sì gbé fóònù fún Pẹ̀lúmi.

"Buenos días, señora. ¿Está Olúwọlé, por favor?"

Ó kí ìyá náà, ó sì béèrè bóyá Olúwọlé wà nílé. Ó yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí omi. Obìnrin kan tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní, "Ẹ gbọ́ ọmọ ọlọ́mọ." Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìyá arúgbó náà wá fèsì. Kò dà bíi ti kásẹ́ẹ̀tì rárá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń rọ́ lu ara wọn bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Pẹ̀lúmi gbọ́ orúkọ Olúwọlé nínú rẹ̀, kò gbọ́ ohun mìíràn. Ìyá náà dákẹ́, ó ń retí ìdáhùn. Gbogbo ojú tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù wà lára Pẹ̀lúmi.

"Sí," ó wí. "Sí, sí. Gracias, señora."

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀. Bàbá ti na ọwọ́ láti gbà á.

"Kí ló wí?"

"Ó ní Bùọ̀dá ti jáde, sà. Ó ní wọ́n á pè wá padà síbí."

"Ṣé o fún un ní nọ́ńbà wa?" Bámgbóyè béèrè.

Pẹ̀lúmi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ yẹn, bí Bàbá bá ti kúrò níbi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, orí bẹ́ǹṣì Bámgbóyè ló ń lọ, tòun ti sìmẹ́ńtì lẹ́sẹ̀. "Wọn ò tíì pè, Bàbá Wọlé," ni Bámgbóyè máa ń sọ. Bí Bàbá bá dé ilé, á ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí ọmọ náà ráyè. Pẹ̀lúmi á ní òun máa jẹ́wọ́ lọ́la. Bí ọ̀la bá dé, á tún sún un sí ọ̀la mìíràn.

Ibi tí wọ́n ti ń mọ ilé kan lọ́nà Ìgèdè ni Bàbá ṣubú sí. Rọpárọsẹ̀ ni. Ó mú apá ọ̀tún rẹ̀, ó sì mú ẹnu rẹ̀. Dókítà ní kò ní kú, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí pé yóò tún sọ̀rọ̀.

Nílé ìwòsàn náà ni Pẹ̀lúmi ti jẹ́wọ́ fún Màmá. Màmá kò nà án. Ó tún ìró rẹ̀ ró.

"Mú ìwé yẹn. Ká lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ."

Bámgbóyè tún tẹ nọ́ńbà náà fún wọn. Ìyá arúgbó náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré sọ̀rọ̀.

"No entiendo, señora," Pẹ̀lúmi wí. "Más despacio, por favor."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń ka nọ́ńbà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, Pẹ̀lúmi sì ń fi ìka wá wọn ní ojú ìwé kejì. Olúwọlé ti kó lọ sí ìlú mìíràn. Nọ́ńbà rẹ̀ tuntun ni ìyá náà ń kà, òun náà ló sì kà lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bámgbóyè tẹ̀ ẹ́. Olúwọlé fúnra rẹ̀ ló gbé e.

"Pẹ̀lúmi? Ìyá onílé sọ fún mi pé o pè. Ó ní òun fún ọ ní nọ́ńbà, o sì ní o ti gbọ́. Mo jókòó ti fóònù títí. Nígbà tí ẹ ò pè, mo ní Bàbá ló kọ̀ fún yín. Mo ní inú wọn ò tíì rọ̀ sí mi."

Pẹ̀lúmi na fóònù sí Màmá. Màmá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá kúrò nílé ìwòsàn, wọ́n wọ bùbá funfun náà fún un, wọ́n sì fi takisí gbé e lọ sí Adébáyọ̀. Pẹ̀lúmi di fóònù mú sí etí rẹ̀.

"Bàbá, èmi Olúwọlé ni. Ẹ dárí jì mí. Bàbá?"

Ẹnu Bàbá mì. Ohùn kan jáde, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ó tún gbìyànjú, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Kò yé mi, Bàbá," Olúwọlé wí láti ọ̀nà jíjìn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ ojú ìwé kìíní gan-an nìyẹn. Ká ní Pẹ̀lúmi ti sọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ì bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, kí wọ́n sì gbàgbé kí wọ́n tó délé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, nídìí ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ yòówù kí ẹ wà, ẹ má ṣe tijú láti sọ pé kò yé yín. Ìtìjú yẹn kì í pẹ́ lọ. Ẹ̀dùn ọkàn tí Pẹ̀lúmi fi rọ́pò rẹ̀ kò tíì lọ, nítorí Bàbá kò tún lè sọ̀rọ̀ mọ́, títí di òní, kò sì sẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ tí Bàbá fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ.