Ayálégbé Tí Kò Kúrò ní Abúlé Òkúta

Ọ̀sán Jímọ̀ kan, ní ọdún tí ìjọba ń wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ni Táwà kọ́kọ́ gbọ́ pé òkú ni ayálégbé tó ń gbé òkè ilé bàbá òun.

Oyèbísí, obìnrin tó háyà ìsàlẹ̀ ilé náà tó ń ránṣọ níbẹ̀, ló sọ fún un. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ Táwà, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń sùn.

"Ìyá Sìmbí, ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ. Obìnrin ẹlẹ́ja kan wá ránṣọ lọ́dọ̀ mi, ará ìlú ayálégbé yín létí òkun ni. Mo bi í bóyá ó mọ Japhet Ikúmápàyí tó ń gbé òkè yìí. Ó ní omi ti gbé e lọ. Ó ní wọ́n ti ṣe ìsìn òkú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ti pín aṣọ rẹ̀."

"Òkú wo ló ń san owó ilé kí oṣù tó parí?" ni Táwà wí. "Àwọn alààyè ìsàlẹ̀ níbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Oyèbísí mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo àtẹ̀gùn," ó ní.

Táwà wo àtẹ̀gùn. Ipa ẹsẹ̀ tútù wà lórí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ẹsẹ̀ ọkùnrin tí kò wọ bàtà. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, ètè gbogbo ènìyàn ti la, omi tí wọ́n bá dà sílẹ̀ kì í pẹ́ gbẹ. Ipa ẹsẹ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó ń dán.

Kì í ṣe ẹ̀rù ló kọ́kọ́ mú Táwà. Ìbínú ni. Nígbà tí Abúlé Òkúta ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ ni bàbá rẹ̀ ti kọ́ ilé náà, ó sì sọ ọ́ kí ó tó kú pé bí Ìsàlẹ̀ Èkó bá há mọ́ Táwà àti Moshood àbúrò rẹ̀, kí wọ́n lọ máa gbé òkè ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ Èkó ti wá há. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri ilé wọn, katapílà ti dé ìdí àdúgbò, eruku rẹ̀ ń bà sínú ọbẹ̀ wọn. Bí Japhet àti Sabina ìyàwó rẹ̀ kò bá kúrò lókè, ìta gbangba ni Táwà àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa sùn.

Ó ti bẹ̀ wọ́n. Ó ti fún wọn ní nótíìsì. Ìgbàkígbà tó bá lọ, Sabina ni í jáde, á dúró lórí àtẹ̀gùn, á fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Ìyá onílé, ẹ kú ìrìn o. Ọkọ mi ń sùn. Òru ló ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀sà. Bí ìgbà ẹja bá ti kọjá, a óò lọ."

Ìgbà ẹja kọjá, ó tún padà dé, wọn kò lọ. Kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ti rí ojú Japhet dáadáa lójú ọ̀sán.

Ta ni kò mọ akúdàáyà? Ẹni tó kú ní ìlú kan, tó wá lọ ń gbé ìlú mìíràn bí alààyè, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń jẹun, tó tilẹ̀ lè gbé ìyàwó. Ẹ lè bú u, ẹ lè nà án, kò ní kúrò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ pé ó ti kú bá fojú kàn án, ọjọ́ náà ni yóò lọ.

"Nótíìsì tó yẹ òkú nìyẹn," ni Táwà wí nínú ara rẹ̀, ó sì gbọ̀nà ilé.

Ó bá Moshood ní ẹ̀yìnkùlé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tó ti ń kan bẹ́ẹ̀dì tí wọn yóò gbé lọ sí Abúlé Òkúta. Káfíńtà ni Moshood. Ó ti lọ ja ogun ní Bọ́mà. Nígbà tí ogun parí, ilé ń retí létà, létà kankan kò dé. Òun fúnra rẹ̀ ló dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, pẹ̀lú àpò kékeré léjìká. Láti ìgbà náà, òun ni òpó ilé. Nígbà tí ọkọ Táwà kú, Moshood ló gbé àwọn ọmọ lé ọrùn. Ohun kan ṣoṣo ni Táwà ń bá a jà lé lórí: bí àwọn tó jagun bá ń yan kọjá, fèrèsé ni Moshood máa ń tì. Táwà ní ìgbéraga ni.

"Akúdàáyà ni ọkùnrin yẹn," ó sọ fún un. "Mà á wá ará ìlú rẹ̀ kan, mà á sì mú un gun àtẹ̀gùn yẹn."

Moshood kò gbé orí kúrò nídìí ayùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ṣe yín?"

"Ilé mi ló ń gbé."

"Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń tọ́jú ìyàwó rẹ̀, kì í pariwo. Ká tilẹ̀ ní òkú ni. Ẹni tó kàn fẹ́ wà láàrin ènìyàn fún ìgbà díẹ̀ sí i, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀?"

"Kí ó lọ wà láàrin ènìyàn nílé ẹlòmíràn."

"Bí wọ́n bá tún lé e níbẹ̀ ńkọ́?"

"Moshood, ṣé ìwọ ni lọ́yà rẹ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Lọ́yà kẹ̀. Èmi tí mi ò kàwé."

Táwà kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rín ń dá dúró. Ó lọ sí etí ọ̀sà ní Bàrígà, láàrin àwọn Ìlàjẹ tó ń gbé ibẹ̀, ó ń béèrè láti ọkọ̀ dé ọkọ̀. Ó rí ọkùnrin kan tó ń tún àwọ̀n ṣe, Ezekiel ni orúkọ rẹ̀, ewú ti kún orí rẹ̀, kò sì tíì pẹ́ tó dé láti ìlú wọn.

"Japhet? Èmi wà nínú àwọn tó kọrin níbi ìsìn òkú rẹ̀," ni Ezekiel wí.

"Bí mo bá fi hàn yín, ṣé ẹ̀rù ò ní bà yín?"

"Ìyá, mo ti jagun ní Bọ́mà. Àwọn alààyè ni mo ń bẹ̀rù."

Nígbà tí Táwà padà dé ilé, ó ní kí Moshood múra, pé lọ́la ni àwọn yóò lọ, pé kí ó ru ẹní àti àpótí kan kí wọ́n lè gba ilé náà lójú ẹsẹ̀.

"Ta ni ẹ rí?" ni Moshood béèrè.

"Ezekiel kan. Ó ti ṣe sójà bíi tìrẹ, ní Bọ́mà náà."

Moshood gbé òòlù sílẹ̀. Ladani ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí.

"Ṣé ẹ ò lè rí ẹlòmíràn?"

"Ẹni tí mo rí nìyẹn. Bí o kò bá dúró lẹ́yìn mi lọ́la, má pe ara rẹ ní ọmọ bàbá mi mọ́."

Táwà kò sọ ọ̀rọ̀ tó le tó bẹ́ẹ̀ sí i rí. Moshood wò ó pẹ́.

"Èmi náà fẹ́ kí ẹ rí ibi sùn," ó ní. "Mo ń bọ̀."

Ní ọjọ́ kejì, bọ́lẹ̀kájà já wọn sí Fádèyí, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn wọ Abúlé Òkúta. Moshood wà lẹ́yìn pátápátá, ẹrù lórí. Ezekiel ti ń dúró de Táwà níwájú ilé. Táwà kò dúró de Moshood. Ó mú Ezekiel, ó di àtẹ̀gùn.

Sabina ti wà níbẹ̀. "Ìyá onílé, ẹ tún dé. Ṣé ọlọ́pàá lẹ mú wá lónìí?"

"Ará ilé yín ni mo mú wá kí yín."

Sabina rí Ezekiel, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó na ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà. "Kò ní wọlé. Mo ti fi ìyá sílẹ̀, mo ti fi bàbá sílẹ̀ nítorí ọkùnrin yìí. Ẹ wó ilé lù wá bí ẹ bá fẹ́. A ò lọ."

Ìgbà náà ni Japhet yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó ró táwẹ́ẹ̀lì, omi ń kán ní irun rẹ̀. Ezekiel na ọwọ́ gba orí èjìká Sabina kọjá, ó di ọrùn ọwọ́ Japhet mú. Táwà di ara rẹ̀ mú, ó ń retí kí ọkùnrin náà pòórá.

Japhet kò pòórá. "Bùọ̀dá Ezekiel," ó ní, "ẹ ń pa mí lọ́wọ́."

Ezekiel tẹ apá rẹ̀ wò, ó gbọn orí rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ara gbígbóná ni. Japhet, olè ni ẹ́. Ìyá rẹ ti sunkún tán."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ nílé. Wọ́n ti fi Sabina fún ẹlòmíràn. Nígbà tí ọkọ̀ dojú dé, tí mo lúwẹ̀ẹ́ gúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n kúkú gbà pé mo kú. Wọn kì í lé òkú."

Apẹja tó ń wẹ̀ nídìí kànga àdúgbò, tó ń gòkè láì nu ẹsẹ̀: gbogbo rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ezekiel ń sọ̀ kalẹ̀, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Táwà tẹ̀ lé e, ó ń ro ohun tí yóò tún ṣe. Moshood ti dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ẹrù lórí rẹ̀.

Ẹ̀rín Ezekiel gé sí méjì.

"Ta nìyí?" ó ní.

"Àbúrò mi ni, Moshood."

"Mo mọ̀ pé Moshood ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi pa ojú rẹ̀ dé ní Bọ́mà. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kó yẹ̀pẹ̀ bò ó. Ọ̀gá wa ní òun yóò kọ létà sí ilé wọn."

"Létà kankan kò dé," ni Táwà wí.

"Kò dé," ni Moshood wí. Ó wo ọkùnrin náà bí ẹni tó ń wo ọ̀rẹ́ àtijọ́. "Ezekiel, o ti hu ewú."

Ìgbà náà ni Táwà rí i pé kò sí ewú kan lórí àbúrò òun. Ojú tó gbé lọ sí ogun ló ṣì gbé rìn. Ojoojúmọ́ ni Táwà ń rí ojú náà, kò wò ó rí.

"Ní gbogbo ayé," ni Moshood wí jẹ́jẹ́, "ilé nìkan ni wọn ò ti mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá sílé. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gòkè."

Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó gbé òṣùká kúrò lórí, ó fi lé orí àpótí, ó sì yà sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Táwà sáré tẹ̀ lé e. Ògiri ga yí ẹ̀yìnkùlé ká. Wọ́n ti gbá ilẹ̀ ibẹ̀ láàárọ̀, ilà ìgbálẹ̀ sì wà lórí yanrìn láti igun dé igun, ẹsẹ̀ kankan kò tẹ̀ ẹ́. Ó padà wá mú òṣùká. Oòrùn ń jó gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n òṣùká náà tutù bí ẹni pé orí kankan kò wà lábẹ́ rẹ̀ rí.

Táwà kò sunkún. Ó dúró níwájú Ezekiel.

"Ẹ ò rí ẹnì kankan lónìí."

"Ìyá, ọwọ́ ara mi ni mo fi..."

"Ẹ ò rí ẹnì kankan. Moshood rìnrìn àjò. Bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn létí ọ̀sà, èmi àti ẹ̀yin ni."

Sabina àti Japhet tí ẹ̀bẹ̀ kò mú, tí nótíìsì kò mú, ti rí gbogbo rẹ̀ láti òkè, wọ́n sì di ẹrù wọn kí oòrùn tó wọ̀. Táwà jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó ń wò wọ́n. "Kò sí ẹni tó lé yín," ó ní. Sabina yà fún àpótí tí Moshood rù wá, ó sì yára jáde.

Kò pẹ́ tí àwọn mọ̀lẹ́bí fi gbọ́ wínrínwínrín, wọ́n sì mú àfáà wá láti ṣe fídàú. Táwà ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lóde, ó sì gba ojú fèrèsé sọ̀rọ̀.

"Ta ló kú? Létà dà? Ẹnì kankan kò ní gbàdúrà òkú lé arìnrìn-àjò lórí nínú ilé mi. Ilé yìí kò gbọ́ nǹkan kan. Títí mà á fi kú, ilé yìí kò ní gbọ́."

Yàrá tó kọjú sí pópó, tó dára jù lókè, kò háyà rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó bá béèrè, á ní ẹni tó ni ín ṣì ń bọ̀.

Ohun tó sọnù ní ọdún náà nìyí: ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ayálégbé méjì ní Abúlé Òkúta, àbúrò kan.