Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n Níwájú Pẹpẹ

Ìwọ tí wọ́n fi ìwé pélébé yìí lé lọ́wọ́, jọ̀wọ́ má tíì fi í di ẹ̀pà. Ka ọ̀rọ̀ Ìyániwúrà ná. Kì í ṣe ọ̀mùtí, kì í sì í ṣe olè. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ní Iloffa, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ẹlẹ́ṣẹ̀ tó máa ń tètè dé ilé Ọlọ́run ni.

Àìsàn kan dé sí i lára. Ó ń jẹun bí ẹni tó roko bọ̀, síbẹ̀ ó ń rù. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ooru ń mú un nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ súwẹ́tà. Dókítà kan ní Ìlọrin yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní ohun kan tó wà ní ọrùn rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní tairọ́ìdì, ló ń ṣiṣẹ́ àṣejù.

"Màmá, ẹ máa lo oògùn yìí lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Tí ara bá tiẹ̀ yá, ẹ má dá a dúró fúnra yín."

Ara yá lóòótọ́. Ó sanra padà, orin sì tún dùn lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà náà ni ìsọjí dé sí ìjọ wọn. Oníwàásù àlejò ní kí ẹni tó bá gbàgbọ́ pé òun ti rí ìwòsàn kó oògùn rẹ̀ wá síwájú pẹpẹ. Ìyániwúrà sáré jáde, ó da tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìjọ pariwo Halelúyà. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, tòun ti Gideon ọmọ rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀ tó kù jó lọ síwájú fún ìdúpẹ́. Ìwọ náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ti dúpẹ́ ìwòsàn kì í padà wá sọ pé àìsàn ṣì wà. Wọ́n á ní ó ti sọ ẹ̀rí rẹ̀ nù.

Kò pẹ́ tí àìsàn fi padà. Ìyániwúrà mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pè é lọ jẹ́rìí ní Odo-Owa àti ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin, wọ́n ń gbé àga iwájú sílẹ̀ dè é, ó sì dùn mọ́ ọn. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n lára ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àwọn èèyàn á kígbe pé Ẹ̀mí ti bà lé e. Bí òógùn bá bò ó, wọ́n á ní iná ni. Kò sọ fún wọn pé àrùn ni. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ tún ń mọ̀ọ́mọ̀ gbọn ọwọ́ náà kún un.

Yéwándé, tí wọ́n jọ ń jókòó nínú ọ́fíìsì kan náà, rí i pé ẹyinjú rẹ̀ ti ń yọ síta.

"Ìyá Gideon, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà yín," ló wí. "Jésù kò ní kí ẹ bá òun purọ́."

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìjọ?"

"Ẹ sọ pé ara yín ò yá."

Ìyániwúrà bínú, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọmọbìnrin kan wà ní Odo-Owa tó ń jẹ́ Olúwafúnmiláyọ̀. Àìsàn kan náà ló ń ṣe é. Ó gbọ́ ẹ̀rí yẹn, ó délé, ó da oògùn tirẹ̀ sí ṣáláńgá. Nígbà tí àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, tí ara rẹ̀ ń jó bí iná, òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Ọkọ̀ rì sínú ẹrẹ̀. Ó kú kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn.

Ẹnu iṣẹ́ ni Ìyániwúrà wà tó fi gbọ́ ikú ọmọ náà àti ohun tó fà á. Ó ní kí òun dìde, ó ṣubú lulẹ̀ gbalaja. Yéwándé ló gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́, kò lè padà sí bó ṣe wà mọ́, oògùn sì ti di ti títí ayé.

Lórí ibùsùn níbẹ̀ ló ti sunkún. "Mo ti pa ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé Jésù ṣì lè gba irú mi?"

"Irú yín ló kú fún," ni Yéwándé wí. "Ṣùgbọ́n kò ní bá yín ru irọ́ yẹn. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀."

Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó pe ara rẹ̀ ní òpùrọ́ níwájú Ọlọ́run, kò wá àwáwí kankan, ó sì bẹ Jésù pé kó ṣàánú òun. Nígbà tó lè dìde, ó lọ sọ ọ́ nínú ìjọ. Kò sí ẹni tó pariwo Halelúyà. Wọ́n yọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Ó lọ sí Odo-Owa, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá olóògbé, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà kò bú u. Ohun tó bi í ni pé, "Nígbà tí ẹ ti mọ̀, kí ló dé tí ẹ ò tètè wá?"

Títí dòní, Ìyániwúrà ń lo oògùn rẹ̀ láràárọ̀, àyà rẹ̀ sì ń sáré síbẹ̀. Ó mọ̀ pé Ọlọ́run ti dárí ji òun. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò jí, ìyá rẹ̀ kò sì ní ọmọ mìíràn.

Ọ̀rẹ́ mi, irọ́ wo ni ìwọ ń gbé jó lọ síwájú pẹpẹ? Jésù ṣetán láti gbà ọ́ lónìí, tàìsàn tìtìjú. Má sọ pé ó di ìsọjí tó ń bọ̀. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o sọ òtítọ́ fún un. Lẹ́yìn náà, dìde, kí o lọ sọ ọ́ fún ẹni tó gba irọ́ rẹ gbọ́, nígbà tó ṣì wà láàyè láti gbọ́.